Ìwọ̀ Olórí Òjé

Agolo kọfí ni Tyyne, ìyá ìyá mi, kó ekòló sí,
ó da ilẹ̀ dúdú bò wọ́n, ó fi ewé tútù dé e lórí.
Agolo kejì kéré, agolo sìgá baba àgbà,
ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ:
ìwọ̀ olórí òjé, tí Eino fọwọ́ ara rẹ̀ yọ́
nínú ṣíbí ìjẹun kan tí iná ti sọ di dúdú,
tó so òwú pupa mọ́ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ tuntun.
Ọdún kejì rèé tí Eino ti sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

A wa ọkọ̀ jáde. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni,
oòrùn ṣì jókòó lókè bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
Òórùn ọ̀dà ń ti ara ọkọ̀ jáde. Ẹ̀fọn ń jẹ mí létí.
"Jẹ́ kó máa lọ," ni Tyyne wí, "títí okùn yóò fi dẹ̀.
Tó bá ti kan ilẹ̀, gbé e sókè díẹ̀,
kí o wá jẹ́ kó rọra já bọ́ bí ẹni tó rẹ̀.
Ohun tó ń ṣubú ló ń wọ ẹja lójú."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ni mo mọ̀ nípa ìṣubú?
Mo fà á bí ẹni ń fa ọmọ màlúù tó kọ̀ tí kò wọlé.
Òkúta gbà á. Mo fà á lọ́tùn-ún, mo fà á lósì,
okùn ké fín-ín, ó já.
Ọ̀kan lọ.

Ìkejì ńkọ́? Ohun kan kàn án, tọ́, tọ́,
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé.
Ara mi ti gbóná jù. Mo ja ọ̀pá sókè,
okùn òfìfo fò padà wá nà mí lójú.
Kókó tí mo ta ló tú.

Mi ò lè wo ojú ìyá àgbà.
Òjé Eino. Òwú Eino. Eyín rẹ̀ ló fi gé òwú yẹn.
Omijé mi ń kán sísàlẹ̀ ọkọ̀,
níbi tí omi ti wà tẹ́lẹ̀.

Tyyne bú sẹ́rìn-ín.
"Ìwọ ọmọ yìí! Èyí tí Eino alára sọ nù sínú adágún yìí,
bí a bá kó o jọ, á tó fi rọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì."
Ó dé agolo náà pa mọ́ ìkẹta lórí.
Ó wá fún mi ní ìwọ̀ lásán, kọ́ọ̀kì ìgò kan,
àti ekòló kan tó ń lọ́ ara rẹ̀ po.
Mo gún ekòló, mo gún ìka mi mọ́ ọn.

Ẹ̀gbẹ́ òṣíbàtà la dúró sí.
Kọ́ọ̀kì jókòó. Ó jókòó. Ó ṣì jókòó.
Mo ka àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó kọjá, mo gbàgbé iye wọn.
Ìgbà náà ló mi orí lẹ́ẹ̀kan.
"Má tíì," ni Tyyne wí, ife kọfí lẹ́nu rẹ̀. "Má tíì.
Ó dáa, báyìí!"

Ẹja abìlà, ahven, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
lẹbẹ rẹ̀ pupa bí òwú Eino,
ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ gún mi lójú ibi tí ìwọ̀ ti gún mi.
"Ó kéré," ni mo wí.
"Ìwọ náà kéré. Dá a padà."
Mo ri ọwọ́ bọ omi, mo là á. Kò tiẹ̀ dágbére.

Ìkẹta yẹn wà lójú fèrèsé mi báyìí.
Èmi náà ti ń wo awò kí n tó ta kókó.
Mo ń yọ́ òjé tèmi nínú ṣíbí, orí wọn wọ́,
ọ̀kan dàbí ọ̀dùnkún; ẹja ò bìkítà.
Lánàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ mẹ́rin nù
láàárín wákàtí kan. Mo ti la ẹnu láti bínú,
mo wá rántí agogo kan nísàlẹ̀ adágún,
tí kò tíì pé.